Ọba Kì í Pé Méjì Láàfin: Ìtàn Àṣìṣe venv Lórí Linux

Ìtàn tá a fẹ́ sọ lónìí kò ní ogun nínú, ṣùgbọ́n ó ní àríyànjiyàn. Ẹni tó bá ń kọ́ Python lórí Ubuntu ti lè pàdé rẹ̀. Ẹ tẹ python3 -m venv ise bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú fídíò, kọ̀ǹpútà sì fèsì pé ensurepip kò sí, òun ò lè parí iṣẹ́. Ti inú fídíò ṣiṣẹ́, tiyín kọ̀. Àwọn kan á pa Ubuntu rẹ́, wọ́n á tún gbé e sórí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ dátà á sì ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ní ìdí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Python. Ọdún 1991 ni Guido van Rossum gbé èdè yìí jáde. Bó ṣe ń gbilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń kọ package tí ẹlòmíràn lè lò. Ìṣòro wá dé: iṣẹ́ kan nílò Django àtijọ́, èkejì nílò tuntun, bẹ́ẹ̀ ibì kan ṣoṣo ni gbogbo package ń gbé. Ní 2007, Ian Bicking ṣe virtualenv, tó ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Ní 2008, òun kan náà ló ṣe pip, tó ń gba package wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Python 3.3 jáde ní 2012, wọ́n ti mú ọgbọ́n yàrá yìí wọ inú Python fúnra rẹ̀, wọ́n sì pè é ní venv. Àmọ́ yàrá náà ṣófo, pip kò sí níbẹ̀. Python 3.4 ló tún un ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2014. Ó mú ensurepip wá, tó gbé ẹ̀dà pip sápò, kí gbogbo yàrá tuntun lè ní in láìlo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn Debian. Ian Murdock dá a sílẹ̀ ní 1993, orí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ Ubuntu lé ní 2004. Àwọn ará Debian ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: ẹ má fi ẹ̀dà ètò kan pamọ́ sínú ètò mìíràn. Bí ibi tí olè lè gbà wọlé bá yọjú lára ètò kan, ojú kan ni wọ́n fẹ́ ti dí i. Bí ẹ̀dà mẹ́wàá bá fara pamọ́ káàkiri, ta ló máa wá gbogbo wọn rí? Yàtọ̀ sí èyí, apt ni wọ́n fẹ́ kó máa bójú tó gbogbo ohun tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ensurepip tako òfin méjèèjì, ni wọ́n bá yọ ọ́.

Oṣù kan péré lẹ́yìn Python 3.4 ni Ubuntu 14.04 jáde, venv inú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Gbogbo àlàyé tó ṣe ò ju pé àṣẹ kan dá nọ́ńbà 1 padà. Nígbà tó yá, wọ́n kó ohun tí wọ́n yọ sínú package ọ̀tọ̀, python3-venv, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àṣìṣe náà kí èèyàn lè mọ ohun tó máa gbà wọlé.

Ṣé àwọn Debian jàre? Tèmi ni pé wọ́n jàre ju bá a ṣe rò lọ. Python orí Ubuntu kì í ṣe tiwa nìkan. Ubuntu fúnra rẹ̀ ń lò ó. Nígbà Ubuntu 18.04, àwọn tó yí python3 sí ẹ̀yà mìíràn rí i pé terminal wọn kò ṣí mọ́, torí Python ló ń ṣí i. Terminal yẹn náà sì lèèyàn ì bá fi tún un ṣe! Bẹ́ẹ̀ náà ni sudo pip ṣe lè da ohun tí apt tò sílẹ̀ rú. Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà.

Àwọn ará Debian àti àwọn tó ń tọ́jú pip jọ kọ ìwé àdéhùn, PEP 668. Debian 12 mú un lò ní oṣù kẹfà ọdún 2023: bẹ́ ẹ bá lo pip níta yàrá, á ní externally-managed-environment. Ẹni tó bá fẹ́ fipá ṣe é gbọ́dọ̀ tẹ --break-system-packages. Orúkọ yẹn ti sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Apt ló ni ààfin, pip ló ni yàrá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti mọ ìtàn yìí, àtúnṣe rẹ̀ ò le. Bí ó bá ní ensurepip kò sí, ẹ tẹ sudo apt update, kẹ́ ẹ tẹ sudo apt install python3-venv. Bó bá jẹ́ Python 3.12 ló ń dárúkọ, python3.12-venv ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ pa fódà tí kò parí yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ dá òmíràn. Bó bá jẹ́ orí flash lẹ ti ń dá yàrá, tó kọ̀, ẹ gbé e wá sí fódà home yín: ọ̀pọ̀ flash ni kò gba irú ìsopọ̀ fáìlì tí venv ń lò. Bí yàrá tó ń ṣiṣẹ́ bá dédé kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e kúrò ní ipò rẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ sọ Ubuntu di tuntun, àdírẹ́sì àtijọ́ ló ṣì ń wá. Ẹ má bá a jà, ẹ dá tuntun. Kóòdù yín kò gbọ́dọ̀ gbé inú yàrá yẹn, requirements.txt ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn package sí.

Àmọ̀ràn kan ṣoṣo: bí pip bá kọ̀, ẹ má sáré fi sudo síwájú rẹ̀. Ẹ ka ohun tó sọ tán ná. Ó dìgbà kan ná.