Ta Ló Ni Ẹrù Tí A Jọ Gbé?

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n òwe náà dákẹ́ lórí ẹni tó ni ẹrù nígbà tí ọwọ́ púpọ̀ bá gbé e. Ohun tí òwe kò sọ yìí gan-an ló ń di ọ̀rọ̀ òfin nínú sọ́fítíwíà olómìnira, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn láṣẹ láti lò, láti tún ṣe àti láti pín. Ẹni tó bá kọ nǹkan kún irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ohun tó kọ, èyí tí í ṣe agbára láti pinnu ẹni tó lè dà á kọ, àfi bó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wà.

Free Software Foundation, tí Richard Stallman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985, ní kí àwọn tó ń fi iṣẹ́ kún ètò bíi Emacs, àti GCC títí di 2021, fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ náà fún àjọ pátápátá, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn sì jẹ́wọ́ pé òun kò ní í bá wọn dù ú. Àjọ náà ṣèlérí pé iṣẹ́ náà yóò máa jẹ́ olómìnira títí, ó sì dá àṣẹ ìlò padà fún ẹni tó kọ ọ́. Nítorí ìlànà yìí ni àjọ náà fi lè dá pe ilé-iṣẹ́ Cisco lẹ́jọ́ ní 2008 lórí rírú ìwé àṣẹ, láìwá ogunlọ́gọ̀ olùkọ̀wé kiri. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2009.

Ètò Linux kò gba ọ̀nà yẹn. Oníkálukú di ẹ̀tọ́ tirẹ̀ mú, àti láti 2004, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ SCO ti gbé IBM lọ sí kóòtù nítorí iṣẹ́ tó ní IBM fi kún Linux láìlẹ́tọ̀ọ́, ìlà «Signed-off-by» ni ó fi ń jẹ́rìí pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìwé àṣẹ Linux, ẹ̀dà kejì GPL, padà yóò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí kan àwọn ajogún òkú. Ìnira yìí, lójú ẹni tó bá rò ó dáadáa, ààbò ni.

Ibi tí ewu wà ni ọ̀nà kẹta, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń gba àṣẹ gbígbòòrò lọ́wọ́ olùfikún láìṣe ìlérí kankan padà. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ HashiCorp, tó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, mú ètò rẹ̀, Terraform, kúrò lábẹ́ ìwé àṣẹ olómìnira, ó fi sábẹ́ èyí tó dí àwọn olùdíje lọ́nà. Àwọn tó bá a kọ ọ́ kò rí i dá dúró, ẹ̀dà àtijọ́ nìkan ló kù tí àwọn kan gbé, tí wọ́n sì sọ di OpenTofu.