Ta Ló Ni Gbàgede? Àríyànjiyàn lórí Ìlú Tí Àṣà Rẹ̀ Jinlẹ̀ Jù ní Ìhà Gúúsù Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àṣà àti ìgbafẹ́, kò sí ìlú ńlá kan ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní sọ pé tiwọn ló ṣáájú. Ará Charleston yóò nawọ́ sí àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní etí òkun, yóò sì dárúkọ Spoleto, àjọ̀dún orin àti eré orí ìtàgé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977. Ará Atlanta yóò ka àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú, irú Spelman tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní 1881, yóò sì fi ilé tí wọ́n ti bí Martin Luther King ní 1929 kún un. Ará Nashville yóò rántí àwọn akọrin Fisk, tí wọ́n gbéra ní 1871 láti fi orin ẹ̀mí àwọn ẹrú wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ará Memphis yóò ní kí a wá sí òpópónà Beale, níbi tí orin blues ti di olókìkí. Ní ti ará New Orleans, yóò kàn rẹ́rìn-ín ni, nítorí lójú tirẹ̀, ẹjọ́ náà ti parí kí a tó dá a sílẹ̀.

Kí ló wá kàn wá, àwa ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, nínú ìjà àwọn ará òkèèrè? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, díẹ̀ nínú àwọn tó fi ẹsẹ̀ jó kí àwọn ìlú wọ̀nyí tó lórúkọ, èbúté wa ni wọ́n gbà lọ. Èkejì, òṣùwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn ìlú wọn ni àwa náà ti fẹ́ máa fi wọn tiwa: a ń ka ilé ìtura, a ń ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, a ń ka iye àlejò tó wá wo ọdún. Òṣùwọ̀n mìíràn ni mo fẹ́ dábàá nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a bi ìlú kọ̀ọ̀kan: Ta ló ni gbàgede tí a ti ń ṣeré? Ta sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a ti Charleston bẹ̀rẹ̀, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó ní 1670. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ tó di Amẹ́ríkà lónìí ló gba èbúté rẹ̀ kọjá. Oko ìrẹsì tó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, ọwọ́ wọn ló ro ó. Apẹ̀rẹ̀ koríko tí àlejò ń rà níbẹ̀ títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Èdè Gullah tí wọ́n ń sọ ní àwọn erékùṣù agbègbè náà, ẹnu wọn ló ti jáde. Ní oṣù kẹsàn-án 1739, àwọn ẹrú kan dìde ní ẹ̀bá odò Stono, kò jìnnà sí Charleston, wọ́n sì ń lu ìlù bí wọ́n ti ń yan lọ. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ní 1740, àwọn aṣòfin South Carolina fi òfin de ìlù, fèrè ìwo, àti ohun èlò alárìíwo gbogbo tí ẹrú lè fi pe ara wọn jọ.

Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ láti mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlù ń sọ̀rọ̀. Ó ń ki ènìyàn, ó ń pe ẹgbẹ́ jọ, ó ń sọ fún ará ilé pé àlejò dé. Ẹni tó gba ìlù lọ́wọ́ ẹni ti gba ẹnu ẹni. Àwọn ẹrú náà kò tìtorí èyí dákẹ́: wọ́n gbé ìlù náà sí àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀, wọ́n ń jó yípo nínú ilé àdúrà. Àṣà Charleston jinlẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú náà sé gbàgede mọ́ àwọn tó ṣe é ní ọlọ́rọ̀. Ní 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní ìrántí wọn, ní èbúté Gadsden tí ọkọ̀ ti máa ń já wọn sílẹ̀.

Ní Memphis àti Atlanta, ìlù kọ́ ni wọ́n gbà, ọgbà ìgbafẹ́ ni. Ìgbà tí òkò ẹrú ti já, òfin ìyàsọ́tọ̀ ló rọ́pò rẹ̀. Ní 1899, Robert Church, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí oko ẹrú tó sì di olówó ńlá ní Memphis, ra ilẹ̀ ní òpópónà Beale. Ó ṣe ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn tó lè gba nǹkan bí 2,000 ènìyàn, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n lè ti gba afẹ́fẹ́. Theodore Roosevelt, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn ní 1902. Ní 1955, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pápá gọ́ọ̀fù Atlanta sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ní ti Memphis, ìjọba ìlú náà bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa ṣí ọgbà náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1963, ilé ẹjọ́ dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ láìfi falẹ̀. Bí a bá ń ka ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ó yẹ kí a máa ka ọdún tí gbogbo ọmọ ìlú kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ mọ́ ọn.

Ó wá ku New Orleans, La Nouvelle-Orléans tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní 1718. Ní 1719, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Aurore kó ẹrú dé Louisiana, Ouidah tiwa ló sì ti kó wọn, èbúté tí àwọn Faransé ìgbà náà ń pè ní Juda. Kí a má ṣe ti ìtorí èyí gba ohun tí kì í ṣe tiwa: púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ní ayé ìjọba Faransé, ìhà Senegal ni wọ́n ti wá. Síbẹ̀, nínú àkójọ orúkọ ẹrú Louisiana tí òpìtàn Gwendolyn Midlo Hall fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, a rí àwọn tí akọ̀wé pè ní Nago, orúkọ tí Faransé ń pe àwa náà títí di òní. Ní 1809, àwọn tó ju 9,000 lọ tún ti Cuba dé. Saint-Domingue, tó ti di Haiti, ni wọ́n ti sá wá sí Cuba tẹ́lẹ̀. Òyìnbó, ọmọ aláwọ̀ dúdú olómìnira àti ẹrú ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta. Wọ́n sọ iye ènìyàn ìlú náà di ìlọ́po méjì.

Kí ni New Orleans ní tí Charleston kò ní? Ọjọ́ Àìkú àti ilẹ̀. Òfin Faransé ti 1724 ní kí ẹrú sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Òfin kan náà kò fẹ́ kí ẹrú olówó méjì pàdé ara wọn, nítorí náà kì í ṣe àánú ló dá gbàgede sílẹ̀. Àwọn ẹrú ni wọ́n di ọjọ́ ìsinmi náà mú ṣinṣin: wọ́n ń kó ọjà tà, wọ́n sì ń jó ní ẹ̀yìn odi ìlú. Ní 1817, ìjọba ìlú pàṣẹ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni kí wọ́n máa jó, níbi tí olórí ìlú bá yàn. Ibi tó di ojúkò ijó náà ni Congo Square, ní àdúgbò Tremé. Ní 1819, Benjamin Latrobe, ayàwòrán ilé, gba ibẹ̀ kọjá. Ó rí ènìyàn bí 500 tàbí 600 tí wọ́n pín sí agbo agbo, ó rí ìlù, ó sì rí ohun èlò olókùn tí wọ́n fi akèrègbè ṣe. Ìjó náà kò wù ú, ṣùgbọ́n ó ya àwòrán àwọn ohun èlò náà. Òǹkọ̀wé tí kò fẹ́ràn wa ni ó bá wa tọ́jú ẹ̀rí.

Nígbà tí wọ́n dá agbo ìjó náà dúró, ẹgbẹ́ ló gbà á. Àwọn aláwọ̀ dúdú New Orleans ń dá owó jọ, wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n fi ń sin òkú, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ gbà wọ́n. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ ìdáwó àwọn ìyá wa yóò dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, ẹgbẹ́ àti àwọn onífèrè ni yóò wà ní ìlà àkọ́kọ́. Gbogbo ará àdúgbò tó bá fẹ́ jó ni yóò di ìlà kejì. Nínú irú ìgboro yìí ni Louis Armstrong, tí wọ́n bí ní 1901, ti gbọ́ fèrè. Ní 1949, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, ó padà wá jẹ ọba Mardi Gras fún ẹgbẹ́ Zulu.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé New Orleans náà kò mọ́. Òótọ́ ni. Títí di 1964, etíkun Pontchartrain jẹ́ ti òyìnbó nìkan; Lincoln Beach ni ti aláwọ̀ dúdú. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba gbé ọ̀nà márosẹ̀ gba orí òpópónà Claiborne, wọ́n gé àwọn igi ńlá tí àwọn ẹbí ń ṣe fàájì lábẹ́ wọn ní àkókò Mardi Gras. Lẹ́yìn ìjì Katrina ti 2005, ìlú bu owó gọbọi lé àṣẹ àti tọ́ ìgboro. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, nígbà tó sì di 2007, owó náà wálẹ̀. Ẹgbẹ́ alájó ló bá ìjọba ṣẹjọ́ nítorí ìgboro. Èyí ni mo ka sí ọrọ̀ ìlú.

Ìlú kan ṣì kù tí a kì í sábà pè sí ìdíje yìí, òun ló sì yẹ kó dùn wá jù: Mobile, ní Alabama. Àwọn Faransé dá a sílẹ̀ ní 1702, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ pé Mardi Gras tiwọn ṣáájú ti New Orleans. Ní 1860, lẹ́yìn ọdún 52 tí òfin ti de kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Clotilda fi òru kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé ibẹ̀ láti Ouidah. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis. Agbègbè Bantè, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa, ni àwọn onímọ̀ ìtàn tọ́ka sí bí ilé rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, wọn kò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé àdúrà àti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní African Town. Ní ìlú tó ń yangàn pé òun ni ìyá Mardi Gras, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1938 kí wọ́n tó lè ní ọba àti olorì tiwọn nínú àjọ̀dún náà.

Ìdájọ́ mi nìyí: New Orleans ló ṣáájú. Kì í ṣe pé ìlú náà ṣàánú ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Mobile ni mo fi ṣe ìkejì, nítorí African Town nìkan.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, a sì yọ̀. Ìwé UNESCO kò lè jó. Gbàgede ọjà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, ẹgbẹ́ àti Ìyálàṣẹ̀ ló sì ń gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n bá tún ń la ọ̀nà tàbí kọ́ ọjà tuntun ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa béèrè ibi tí ilẹ̀ ìjó wà nínú àwòrán iṣẹ́ náà. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó ta ilẹ̀ náà.