Ọ̀run Kan, Ilẹ̀ Púpọ̀: Àyẹ̀wò Yíyan Ìwé Amọ̀nà fún Awòràwọ̀ ní Agbègbè Ìnísà

Ẹnìkan tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú ìmọ̀ yìí, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá wí, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé níwọ̀n bí ojú ọ̀run ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ máa wo àwọn ohun àrà inú òfurufú jíjìn ra ìwé tí ó bá sanra jù lọ, kí ó sì jókòó tì í. Òwe tí ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni a pa á fún. Ènìyàn kì í fò. Orí ilẹ̀ ni ó ti ń wòkè, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì wà ni yóò pinnu ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí.

N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ohun tí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ jẹ́, tàbí ìkùukùu ìràwọ̀, tàbí galaksi. Òǹkàwé mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé awòràwọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ẹni tí ń wo ọjọ́ ọ̀la fún ènìyàn gbowó.

Ìyàtọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa fojú fò dá ni ti ìwé àkójọ àti ìwé amọ̀nà, orí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró lé. Ìwé àkójọ dà bí arọ́kin ààfin tí ó lè ka orúkọ gbogbo agboolé ìlú láìku ẹyọ kan, ìwé amọ̀nà dà bí ọmọdé tí a ní kí ó ṣíwájú àlejò, tí ó ń sọ pé, "Ẹ yà sọ́wọ́ òsì nídìí igi obì yẹn." Ibi tí ó bá wu arọ́kin ni ó ti lè ka tirẹ̀, ọmọ amọ̀nà kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá mọ ibi tí àlejò dúró sí. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkójọ ṣe ń bá amọ̀nà gbé orí pẹpẹ kan náà, tí kò sì sọ ọ́ di amọ̀nà.

Ẹ wo Charles Messier ará Faransé, tí ó gbé nǹkan 45 jáde ní 1774, tí iye náà di 103 ní 1781, kí àwọn arọ́pò tó sọ ọ́ di 110. Paris ni ó ti ń wò. Ohun tí kò bá yọ lókè Paris kò lè wọ inú àkójọ rẹ̀, ìdí nìyí tí Omega Centauri, ìṣùpọ̀ tí ó fẹ̀ lójú sánmà tó òṣùpá àrànmọ́jú, kò fi sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Edmond Halley ti rí i láti erékùṣù Saint Helena ní 1677. Ní Ìnísà, tí kò ju nǹkan bí dígírì mẹ́jọ lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó ń ga tó dígírì 35 níhà gúúsù. Ní ìparí oṣù Èbìbí, bí òjò ọ̀sán bá ti fọ eruku kúrò lójú sánmà, ẹni tí ó bá gbé awò olójú méjì sójú ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ yóò rí i bí ìyẹ̀fun tí ó ta sórí aṣọ ẹtù. Messier 7 pàápàá, tí Paris ń rí ní nǹkan bí dígírì mẹ́fà péré sí ilẹ̀, ń gòkè tó 47 lọ́dọ̀ wa.

Àkójọ 109 tí Patrick Moore gbé jáde ní 1995 sàn díẹ̀, nítorí pé láti àríwá dé gúúsù ni ó to nọ́ńbà wọn. Ní ti ìwé oníọ̀wọ́ mẹ́ta ti Robert Burnham, tí ilé iṣẹ́ Dover tẹ̀ ní 1978, tí ọ̀rẹ́ wa ń gbé gẹ̀gẹ̀, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ó ju 2,000 ojú ìwé lọ, láti Andromeda dé Vulpecula. Ṣùgbọ́n arọ́kin ni. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò bi òǹkàwé léèrè ibi tí ó wà tàbí àsìkò tí ó jẹ́. Amọ̀nà gidi ni *Turn Left at Orion* ti Guy Consolmagno àti Dan Davis, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1989, tí ó ń ya ohun kọ̀ọ̀kan bí awò kékeré ṣe ń fi í hàn. Consolmagno ti ṣe olùkọ́ rí ní Kenya, kì í ṣe àjèjì sí sánmà wa, àwọn ìtẹ̀jáde ẹ̀yìn sì ti fi ìhà gúúsù kún un.

Ní òru kan nínú oṣù Bélú, mo tẹ́ ẹní sí etí oko kan lójú ọ̀nà Òkukù, mo fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì lójú kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa mí lójú, mo sì ṣí ìwé amọ̀nà kan tí a kọ fún ará òkè òkun. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ àríwá. Ìràwọ̀ àríwá kò ga lọ́dọ̀ wa tó ìkúùkù ọwọ́ tí a nà síwájú. Ẹ̀yìn igi obì ni ó sá sí. Ó ní Orion dúró ṣánṣán ní gúúsù. Orion tí mo rí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yọ láti ìlà oòrùn, ìràwọ̀ mẹ́ta ìgbànú rẹ̀ tò lérí ara wọn bí àkàsọ̀, nígbà tí ó sì fi kọjá ọ̀gànjọ́ ó ti ń sún mọ́ àtàrí mi, kò sí gúúsù tí mo lè kọjú sí mọ́, àfi kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìwé náà kò parọ́. Ibòmíràn ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Ìwé kan náà yin ìgbà òtútù tirẹ̀ gidigidi, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni ọyẹ́ ń kó eruku aṣálẹ̀ Sahara wá bo Ìkìrun àti Ìnísà mọ́lẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀rẹ́ wa ṣìnà pátápátá. Àkíyèsí mi kò kọjá agbègbè kan, ìwádìí ṣì ń lọ. Ohun tí mo lè fi ìṣọ́ra sọ ni pé ó jọ bí ẹni pé ẹni tí owó ìwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó bá fi ra àkójọ, gángan ni ó rà láìra kọ̀ǹgọ́. Kí ó yẹ ìwé wò lórí àtẹ: bí kò bá múni lọ sọ́dọ̀ Omega Centauri, kí ó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń fà mí lọ síbòmíràn. Bí amọ̀nà bá gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀, ta ni ó mọ ilẹ̀ tó àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tí ń rìn ín lóru? Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ìràwọ̀ jọ lẹ́nu wọn, láti Ìkìrun dé Òkukù. Baba ọdẹ kan ní Ìnísà gbọ́ ìbéèrè mi tán, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ti ìgbà tí iṣu ń ta ni o ń bèèrè, àbí ti ìgbà tí ẹran ń jẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti wá ní ìhà méjì báyìí, ọ̀kan fún ti iṣu, ọ̀kan fún ti ẹran, ìhà ti ẹran ni ó sì ń yára kún.