Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Hope Waddell àti Bọ́ọ̀lù Ọdún 1904



Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo gbà láti sọ̀rọ̀ lórí bí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, èrò mi ni pé Èkó ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, tí n ó sì parí rẹ̀ sí. Ọmọ Èkó ni mí. Ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ fún wa ni pé kò sí ọ̀làjú kan tí ó gba ibòmíràn wọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá sọ ìtàn kò lè bá ọjọ́ àti ọdún jà. Ìdíje bọ́ọ̀lù tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn wá ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí kò wáyé ní Èkó rárá. Kàlàbá ni wọ́n ti gbá a, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1904. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell ni ó wà ní ìhà kan. Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Thistle ni ó wà ní ìhà kejì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó borí, ayò 3 sí 2.

Orí ayò márùn-ún yẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lé. Mo fẹ́ béèrè bí ó ti ṣe jẹ́ pé pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni eré yìí ti di tiwa, tí kì í ṣe pápá ẹgbẹ́ afẹ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé e wá.

Ibi tí a jókòó sí yìí gan-an lè ràn wá lọ́wọ́. Ìkẹjà GRA ni a wà. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti di orúkọ lásán létí wa, bí ẹni pe Òṣòdì tàbí Mùṣín, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn ni àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Kí wọ́n tó máa pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní ti ìjọba, ti òyìnbó ni wọ́n ń pè é ní gbangba, láìfi bò. Nígbà tí Lugard ṣe òfin ìlú ńláńlá ní ọdún 1917, ìlànà rẹ̀ ni pé kí àlàfo íyáàdì 440 wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi ṣe àwáwí: wọ́n ní ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa, ẹ̀fọn kò sì lè fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń ṣe sí àlàfo náà? Pápá ìṣeré ni wọ́n sábà máa ń ṣe síbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù, pápá eré ẹṣin, pápá tẹníìsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: pápá ìṣeré gan-an ni ọgbà tí wọ́n fi pa ààlà. Koríko tútù ni, kò sí ògiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ.

(Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí mo bá ń kọjá ní òpópó Ṣóbọ̀ Aróbíodù ní GRA yìí. Akéwì Ẹ̀gbá ni ọkùnrin náà, ó ń kéwì ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ó wá sí irú àdúgbò báyìí nígbà ayé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọn ìbá ní kí ó gbà.)

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kàlàbá. Ní ọdún 1904, Kàlàbá ni olú-ìlú ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ṣì jẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ nígbà náà, ọdún 1906 ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀ tí olú-ìlú fi bọ́ sí Èkó. Kò ju ọdún méjì lọ tí ogun Arọ̀ parí, ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ti àwọn ará Arochukwu láàárín 1901 sí 1902. Ọkọ̀ ogun lójú odò kì í ṣe ohun àpèwò fún àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ó lè ṣe. Thistle fúnra rẹ̀ kò tóbi: wọ́n kàn án ní 1899, irú èyí tí ó lè wọ inú odò ni, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì tó ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, ìbọn ńlá wà lórí rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian láti Scotland ni ó dá a sílẹ̀ ní 1895, wọ́n sì fi orúkọ Hope Masterton Waddell sọ ọ́, àlùfáà ọmọ Ireland tí ó ti Jamaica wá sí Kàlàbá ní 1846. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ ìwé títẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán, àní búrẹ́dì ṣíṣe, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́. Àlùfáà James Luke ni olórí rẹ̀ nígbà tí mo ń wí yìí. Láti Jamaica ni òun náà ti wá, ní 1902, òun ni a sì gbà pé ó gbé bọ́ọ̀lù wá fún àwọn ọmọ náà. Ní èrò àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà, eré ìdárayá jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ìwà: ọmọ tí ó bá kọ́ láti gbọ́ fèrè rẹfirí yóò kọ́ láti gbọ́ agogo ilé ìjọsìn. Ìgbọràn ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Ohun tí àwọn ọmọ náà rí kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà Jamaica yìí kì í ṣe ti Kàlàbá nìkan. Ní Cape Coast, ní ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Ghana, olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ti ìjọba, Ọ̀gbẹ́ni Briton, ọmọ Jamaica, kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ ní 1903. Wọ́n ń fi òru òṣùpá kọ́ bọ́ọ̀lù ní pápá Victoria, kí ojú má baà rí wọn títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà ni wọ́n jáde fún ará ìlú, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Excelsior. Oṣù mẹ́fà péré ni ó wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ ti Kàlàbá. Ìlú méjì létí òkun kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ ni nínú méjèèjì, olùkọ́ tí ó ti Jamaica wá sì ni nínú méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé òyìnbó ni ó gbé bọ́ọ̀lù wá fún wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà yà bàrá kọjá ní erékùṣù tí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó kúrò ní etíkun wa ń gbé.

Irú eré wo ni wọ́n gbá ní Ọjọ́rú yẹn? Òfin ìgbà náà lè jẹ́ kí a fi ojú inú rí i. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń to ẹgbẹ́ wọn nígbà náà, aṣọ́lé kan ni, ẹ̀yìn méjì, àárín mẹ́ta, iwájú márùn-ún. Aṣọ́lé lè fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mú níbikíbi ní ìdajì pápá tirẹ̀. Ọdún 1912 ni òfin tó sé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àpótí iwájú ilé. Ẹni tí ó bá sáré síwájú gba bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní alátakò mẹ́ta láàárín ara rẹ̀ àti ìlà ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́fúsáìdì ni. Ọdún 1925 ni wọ́n dín in kù sí méjì. Kò sí arọ́pò: bí ẹnì kan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi mẹ́wàá gbá a lọ. Awọ ni bọ́ọ̀lù náà, bí omi bá sì ti wọ̀ ọ́ a máa wúwo bí òkúta. Ìgbà òjò sì ni oṣù kẹfà, òjò Kàlàbá láàárín ọdún sì ju ti Èkó lọ dáadáa. Ayò márùn-ún nínú eré kan lábẹ́ òfin bẹ́ẹ̀, èmi kò kà á sí kékeré.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ìṣẹ́gun yìí bí ẹni pé ogun Arọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń gbẹ̀san rẹ̀. N kò lè tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Ọmọ míṣọ́nnárì ni wọ́n, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó ni wọ́n wọ̀, òyìnbó ni ó kọ́ wọn. Àwọn atukọ̀ sì jẹ́ ènìyàn tí ó ti pẹ́ nínú ọkọ̀, tí wọn kò rí ilẹ̀ sáré lé lójoojúmọ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ní pápá, ó ní àkókò, ó ní ọmọ púpọ̀ láti yan ènìyàn 11 nínú wọn. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé wọ́n jọ gbá a rárá. Ní ibi gbogbo tí òyìnbó ti ṣe pápá tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ kì í wọ ibẹ̀ àfi kí ó máa ṣa bọ́ọ̀lù. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kò ní àlàfo íyáàdì 440. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ọ̀lù gbá ní Kàlàbá ní láti wá síbẹ̀, kí ó sì dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọmọ ilẹ̀, ìgbà kan náà, òfin kan náà, kí a sì ka ayò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ní àkókò kan náà, ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àyà ni wọ́n fi ń dí ara wọn lọ́nà, àwọn ọmọ sì ń kú lórí pápá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá bá a sọ ọ́. Ní 1906 ni òfin tuntun gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Níbẹ̀, ìbéèrè ni bí eré yóò ṣe dẹ́kun láti máa pa ọmọ olówó. Níhìn-ín, ìbéèrè ni ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ pápá.

Èkó kò pẹ́ kí ó tó dìde. Ní nǹkan bí 1906 ni Frederick Baron Mulford, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. King's College dé ní 1909. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ náà gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó so okùn Kàlàbá mọ́ ti Èkó fún mi ni Nnamdi Azikiwe. Ó ka ìwé ní Hope Waddell, ó kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1934 ó fẹ́ sáré ní Eré Ìdíje Ilẹ̀-Ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gba Nàìjíríà láyè. Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn: ẹgbẹ́ eléré kan tí Yorùbá pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé Ìgbò ni. Ó dùn mí láti sọ èyí ní iwájú yín, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtàn. Ní 1938 ó dá ẹgbẹ́ Zik's Athletic Club sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà. Ní 1942 ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Èkó, wọ́n sì rin Nàìjíríà já ní àwọn ọdún ogun Hitler, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìlú dé ìlú.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà tọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ Apapa láti Èkó lọ sí Liverpool. Etim Henshaw, ọmọ Kàlàbá, ni balógun wọn, Teslim Balogun ọmọ Èkó sì wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a. Wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, 5 sí 2, nínú eré kìn-ín-ní. Nínú eré mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n pàdánù 5. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sílé, wọ́n dúró ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n fi 2 sí òdo borí Sierra Leone: ìdíje kìn-ín-ní tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò sì yéé jẹ́ ìyá àgbábọ́ọ̀lù. Àlùfáà Denis Slattery, ọmọ Ireland tí ó máa ń fọn fèrè rẹfirí fúnra rẹ̀, dá St. Finbarr's sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Nwosu kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí Nàìjíríà fi 3 sí òdo na Algeria ní Sùúrùlérè, ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan wà ní ìhà Agége tí n kò ní dárúkọ. Ibẹ̀ ni èmi náà ti gbá ẹ̀yìn ọ̀tún, láìní bàtà. Nígbà náà, ìṣísẹ̀ 110 ni láti ilé kan dé èkejì. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ìyà tí wọ́n máa ń fi jẹ wá ni pé kí a kà á. Kí n tó wá sọ̀rọ̀ yìí, mo padà lọ síbẹ̀. Ilé ìtajà ti kún ìhà títì, ilé ìjọsìn wà ní ìhà kejì. Mo kà á: ìṣísẹ̀ 62. Àwọn ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mẹ́fà sí mẹ́fà, òkúta ni wọ́n fi ṣe ilé. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn ibi tí wọ́n ti ń gbá mọ́kànlá sí mọ́kànlá, ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n máa ń rìn wá sí ibi koríko kan ní òpin òpópó wa, ní GRA níhìn-ín, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá gbà wọ́n láyè.