Fọ́nrán inú Kọnkéré: Láti Orí Koríko dé Orí Ike

Ìfáàrà
Kọnkéré kì í bẹ̀rù ẹrù tí a gbé lé e lórí, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, kíá ni yóò sán. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn fọ́nrán tí ọmọ ènìyàn ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé kí ó má baà sán. Èrò wa ni pé kókó ìtàn náà kì í ṣe agbára fọ́nrán lọ́jọ́ tí a pò ó, bí kò ṣe ohun tí ó ń dà bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Láti orí amọ̀ dé orí sìmẹ́ńtì
Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ìwé Ẹ́kísódù orí 5 mẹ́nu ba koríko tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ń mọ bíríkì ní Íjíbítì. Àwọn ọ̀mọ̀lé Haúsá náà a máa po koríko mọ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe túbálì. Ní 1824, Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1867, Joseph Monier, olùtọ́jú ọgbà ní ilẹ̀ Faransé, gba tirẹ̀ lórí ìkòkò òdòdó tí ó fi wáyà irin há nínú.

Ṣùgbọ́n pátákó sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò gba ọ̀pá irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ludwig Hatschek ní Austria po asbestos mọ́ sìmẹ́ńtì, ó sì pè é ní Eternit, orúkọ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ayérayé. Lóòótọ́, kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ a máa fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é tán ní 1999. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Brazil ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017.

Ewéko àti ike
Àwọn onímọ̀ wá padà sórí fọ́nrán ewéko, bíi sisal àti èèpo àgbọn. Ìwádìí tí Hans-Erik Gram tẹ̀ jáde ní Sweden ní 1983 fi ìṣòro rẹ̀ hàn: omi inú sìmẹ́ńtì mú bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì ń yọ́ ohun tí ó so fọ́nrán náà pọ̀. Bí a bá fi eérú èèpo ìrẹsì tí a jó dáadáa rọ́pò díẹ̀ lára sìmẹ́ńtì, mímú omi náà a dínkù.

Ike náà kò rí bákan náà. Polypropylene, tí a fi ń hun àpò sìmẹ́ńtì, kò ka omi mímú yìí sí. Ṣùgbọ́n PET, tí a fi ń ṣe ìgò omi, ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Fọ́nrán wọn ń dá sísán wẹ́wẹ́ dúró ni. Wọn kò lè gba ipò ọ̀pá irin nínú òpó ilé.

Àgbálọgbábọ̀
Ọjọ́ 28 ni a sábà máa ń fi dán agbára kọnkéré wò. Asbestos ìbá yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Sisal àti PET pẹ̀lú lè yege. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí lórí ike àlòkù tàbí fọ́nrán ewéko gbọ́dọ̀ béèrè ohun méjì sí i: kí ni yóò ṣẹ́kù nínú ògiri lẹ́yìn ogún ọdún, àti ta ni yóò fa eruku rẹ̀ símú?