Bí Wọ́n Ṣe Gbé Ọ̀rọ̀ Ara Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nínú Ìtàn Asperger

Nígbà tí Hans Asperger, oníṣègùn ọmọdé ní Vienna, kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ́dún 1944 nípa ọmọkùnrin mẹ́rin tí ìwà wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti bí wọ́n ṣe ń dá wà nìkan ló kọ sílẹ̀. Ó kọ nípa ara wọn lórí pápá eré ìdárayá pẹ̀lú. Fritz mọ ìṣirò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí olórí bá ní kí gbogbo ọmọ gbẹ́sẹ̀ papọ̀, tirẹ̀ kì í bá tiwọn lọ. Hellmuth kò mọ bọ́ọ̀lù hán. Lóde òní, bí a bá dárúkọ Asperger, ìyẹn ipò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ọ̀rọ̀ àjọṣe ló máa ń wá síni lọ́kàn; ti ara ti di ohun tí a ń sọ gbẹ̀yìn, bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ rárá. Àṣìṣe gbáà ni lójú mi, ìtàn fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn bí àṣìṣe náà ṣe wọlé.

Kì í ṣe èèṣì ni Asperger fi rí ohun tó rí. Ní wọ́ọ̀dù tí ó ti ṣiṣẹ́, èyí tí Erwin Lazar dá sílẹ̀ ní 1911 nílé ìwòsàn ọmọdé ti Yunifásítì Vienna, wọn kì í kàn jókòó ti ọmọ kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè. Nọ́ọ̀sì Viktorine Zak máa ń kó àwọn ọmọ jọ fún eré ìdárayá àti orin, wọ́n á sì máa wo bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń fò, bí ara rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí orin. Eré ìdárayá ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Láti 1811 tí Friedrich Ludwig Jahn ti ṣí pápá rẹ̀ ní Berlin ni àṣà náà ti ń tàn láàárín àwọn tó ń sọ èdè Jámánì. Ní àwọn ọdún 1920, Karl Gaulhofer àti Margarete Streicher wá ọ̀nà mìíràn ní Austria: kí ọmọ máa lo ara rẹ̀ bí ẹ̀dá ṣe dá a, kí yíyan bí ológun dín kù. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ì bá ṣe àwọn ọmọ bíi Fritz lóore. Ṣùgbọ́n ìjọba Hitler gba Austria ní 1938, ara ọmọdé sì di gbèsè tí ọmọ jẹ ìjọba.

Ibí yìí ni àtakò tó wúwo jù ti wá. Ní 2018, òpìtàn Herwig Czech gbé àkọsílẹ̀ jáde tó fi hàn pé Asperger bá ìjọba náà ṣiṣẹ́, ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n gbé àwọn ọmọ kan lọ sí Am Spiegelgrund, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n kà sí aláìwúlò. Ẹni tó bá ní òun kò gba ẹ̀rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀rí náà kò dúró lórí rẹ̀ nìkan. Ní 1925, Grunya Sukhareva, oníṣègùn obìnrin ní Moscow, ti kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́fà tó jọ àwọn tí Asperger kọ nípa wọn, ó sì ti sọ pé ìrìn àti ìṣesí ara wọn kò gún. Ní London, Lorna Wing, ẹni tó jẹ́ kí ayé mọ orúkọ Asperger ní 1981, rí i pé nínú èèyàn 34, nǹkan bí 90% ni eré tó gba ọgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò mọ́ lára. Ìjọba ìlú mẹ́ta yìí kò jọra rárá, síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n rí.

Ní 1989, Carina àti Christopher Gillberg ní Sweden ṣì ka àìgún ara mọ́ àmì mẹ́fà tí wọ́n fi ń dá Asperger mọ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1994 kò sọ ọ́ di dandan mọ́. Ní ọdún kejì, Manjiviona àti Prior ní Australia tẹ èsì kan jáde tó gbè é lẹ́yìn: ìdajì àwọn ọmọ Asperger ni ara wọn kò gún, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ọ́tísíìmù tí òye wọn jí pérépéré náà rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé àmì tó wà lára ẹni méjì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ara gbígbóná wà nínú ibà, ó wà nínú táífọ́ọ̀dù, kò sì sí ìyá tí yóò torí ìyẹn fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìwé 1994 kan náà kò gbà kí oníṣègùn kọ ọ́ pé ọmọ Asperger tún ní àìlera ìṣọ̀kan ọwọ́ òun ẹsẹ̀. Ó di 2013, nígbà tí wọ́n pa Asperger pọ̀ mọ́ ọ́tísíìmù, kí ìdènà yẹn tó kúrò.

Àwọn kan yóò ní àìṣe é déédéé ló fà á: ọmọ tí wọn kò yàn sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní mọ bọ́ọ̀lù. Òdodo wà níbẹ̀, nítorí ìtìjú ń lé ọmọ kúrò lórí pápá, ara rẹ̀ á sì tún máa le sí i. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Fritz sọ̀rọ̀ ní oṣù 10, ó rìn ní oṣù 14, ara rẹ̀ kò sì gún fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ìwádìí kan ní Baltimore ní 2009 tún la ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí àwọn ọmọ ọ́tísíìmù ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọ̀pá ẹ̀rọ kan, ohun tí iṣan àti oríkèé wọn ń sọ ni wọ́n gbára lé ju ohun tí ojú wọn ń rí lọ. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní eré ìdárayá, títí kan yíyan tí àwọn ọmọ wa ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìdíje ilé ẹ̀kọ́: olùkọ́ á dúró níwájú, á ní ẹ wò mí, kí ẹ ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Ọ̀nà tó le jù fún ọmọ yìí ni, bí kò bá sì lè ṣe é, wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ tàbí olóríkunkun.

Pé àwọn kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí ń sáré ọ̀nà jíjìn dáadáa kò ta ko èyí. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò ní láti fojú wọn bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, kò sì ní láti bá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn dọ́gba. Ó lè ṣe ohun kan náà lóòrèkóòrè títí iṣan rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Irú eré bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fún un, kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ náà bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè fún un.