Rélùwéè, Ilé-Ìwòsàn àti Iná Mànàmáná: Ti Ìjọba ni Tàbí ti Aládàáni?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ta àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni àríyànjiyàn kan kò ti tán nílẹ̀: ta ni ó yẹ kí ó máa bójú tó iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń lò, ìjọba ni tàbí ilé-iṣẹ́ aládàáni? Àwọn kan ní ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olùtọ́jú. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ń wá èrè kì í rántí tálákà. Ìtàn Èbúté Mẹ́ta fi hàn pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kún tó nínú wọn.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè. Kò pẹ́ tí Èbúté Mẹ́ta fi di ibùjókòó ètò náà. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ rélùwéè wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ sí. Rélùwéè ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, ó ń fún òṣìṣẹ́ ní ibùgbé, nígbà tí ó sì yá, ó ní ilé-ìwòsàn tirẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀gá rere ni ìjọba ní gbogbo ìgbà. Ní 1941, nígbà tí ogun mú kí ọjà wọ́n, Michael Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè jáde, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà láti béèrè owó tí yóò tó wọn jẹun. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́ lódì fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Èyí fi hàn pé orúkọ ìjọba lára iṣẹ́ kò tó láti mú kí ìyà kúrò nínú rẹ̀.

Ní 1955 ni wọ́n fi òfin dá Àjọ Rélùwéè sílẹ̀. Èrò wọn ni pé kí ó máa ṣòwò bí ilé-iṣẹ́ olówò, kí ó sì tún máa sin ìlú. Àmọ́ ìjọba ni ó ń yan àwọn alákòóso rẹ̀, ojú ìjọba náà ni ó sì ń wò fún owó tí yóò fi tún ojú irin ṣe. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, títì ọlọ́dà ni ìjọba kọjú sí. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn aládàáni gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Ní òpin ọdún mẹ́wàá náà, ìjọba pe RITES láti Íńdíà wá darí Àjọ náà. Wọ́n ṣe é títí di 1982, iṣẹ́ sì gbérí díẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ni pé ilé-iṣẹ́ ìjọba ni RITES náà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo tẹlifóònù. Kí ọdún 2001 tó dé, ìlà tẹlifóònù NITEL kò tó mílíọ̀nù kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún náà ni àwọn aládàáni gba àṣẹ láti máa ta ìlà alágbèéká. Ní àkọ́kọ́, owó ìpè wọ́n, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń kà sí oníbàárà lọ́rùn bí ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí Globacom dé ní 2003, ó ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìdíje ni ó mú wọn ṣe é, kì í ṣe àánú.

Ní ti iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1 November 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí iná rẹ̀ kò tàn, tí wọ́n sì mú ìwé owó àfojúbù wá fún nítorí pé kò ní mítà, kò rí ilé-iṣẹ́ mìíràn sá lọ. Olówó yí padà, ẹrú kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ó wá jinlẹ̀ jù. Ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ kò lè máa ná ọjà kiri. Lóòótọ́, àwọn ilé-ìwòsàn aládàáni ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, pàápàá nígbà tí àwọn dókítà ìjọba bá yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n àpò ẹni ni ó ń ṣílẹ̀kùn wọn. Ìdí nìyí tí ìjọba Jakande fi sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó láàárín 1979 sí 1983. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan náà, 1948, ni ìjọba gba rélùwéè àti ilé-ìwòsàn sábẹ́ àkóso rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 wọ́n ta rélùwéè, ṣùgbọ́n wọn kò ta ilé-ìwòsàn. Ní 2024 wọ́n sì ṣe òfin láti gba ọkọ̀ èrò ojú irin padà.

Ilé-ìwòsàn rélùwéè ti Èbúté Mẹ́ta ìbá ti bá Àjọ tí ó ni ín rì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, wọ́n fà á lé Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó sì di Federal Medical Centre, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún gbogbo ará ìlú. Ìjọba ni ó ni ín tẹ́lẹ̀, ìjọba náà ni ó ṣì ni ín. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí a yàn án láti sìn.

Ní ìparí, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí iṣẹ́ kan yẹ, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè gba ibòmíràn lọ. Bí ó bá lè lọ, kí ìjọba jẹ́ kí àwọn aládàáni máa díje, kí ó sì máa ṣọ́ wọn. Bí kò bá lè lọ, iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ bọ́ kúrò lójú ìjọba, ìjọba náà kò sì gbọdọ̀ fi owó àtúnṣe dù ú. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìlú tí ó bá fi í sílẹ̀ fún olówó nìkan yóò wá òṣìṣẹ́ tì.